Iṣẹ́ Tí O Rán Mi sí Máṣíìnì Bàbá

                                        Yàrá iwájú, Ilé Bàbá wa,
                                        Ẹ̀yìn ilé-epo àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. O kú iṣẹ́ òru, o kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Ṣé ara rẹ le? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́, àbí o ṣì ń gbé àwọn tó sanra jù ọ́ lọ kiri ní wọ́ọ̀dù? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé àwọn ìbejì ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ fojú kan oorun? Gbogbo wa wà dáadáa níbí. Màmá ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún àwọn ti fúyẹ́. Wọ́n ní òògùn tí o fi ránṣẹ́ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí o jọ̀ọ́ má fi èyí tó korò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ máṣíìnì Bàbá ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Mo mọ̀ pé ìyẹn gan-an lò ń dúró dè látìgbà tí èmi pẹ̀lú rẹ ti fohùn ṣọ̀kan lórí fóònù pé ojú Bàbá ti di bàìbàì, pé wọn ò gbọdọ̀ gun alùpùpù mọ́, àti pé kò sẹ́ni tó láyà láti sọ ọ́ fún wọn nínú àwa méjèèjì. Ìwọ lo dá a lábàá pé kí máṣíìnì náà ṣáà ti má ṣeé gùn. O ní kò gbọdọ̀ bàjẹ́ pátápátá o, kó kàn máa ṣàìsàn. Nọ́ọ̀sì ṣáà ni ọ́, o mọ̀ nípa àìsàn. Mo kí ọ kú làákàyè. Ìwọ lo ní ọgbọ́n, èmi ni mo ní àkísà.

O mọ̀ pé máṣíìnì yìí ti wà nínú ilé kí wọ́n tó bí èmi. Màmá kì í pè é ní nǹkan míì ju "orogún mi" lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá á tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á tú ìjókòó ẹ̀, wọ́n á yọ asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, nítorí bí eruku bá ti dí asẹ́ yẹn, èémí ẹ̀ á há. Wọ́n á gbọn ọ́n, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan kabúrétọ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ àti epo ti ń pò pọ̀. Síkúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bàbá á máa rọra yí i, wọ́n á dẹtí sílẹ̀, títí ohùn máṣíìnì á fi máa lọ geere. Wọn kì í wo nǹkan kan. Etí ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ẹ̀.

Bí èmi náà ṣe di ọmọ dáadáa nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti dé: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ gbé asẹ́ yẹn kí n bá yín gbọn ọ́n. Màmá á máa ṣàdúrà pé àwọn ọmọ tèmi náà á tọ́jú mi bẹ́ẹ̀. Èmi á máa ṣe àmín, mo sì ń ki àkísà bọ ẹ̀yìn asẹ́. Ojú Bàbá ò rí i, ọwọ́ wọn ò sì dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá ta máṣíìnì, á wúkọ́, á da èéfín dúdú láti ẹnu sálẹ́ńsà sórí aṣọ tí télọ̀ àdúgbò wa sá. Télọ̀ á pariwo láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pé, "Bàbá, aṣọ ìyàwó lẹ fẹ́ sọ di aṣọ ọ̀fọ̀ yìí o!"

Asẹ́ ni Bàbá kọ́kọ́ ń bú. Wọ́n ní páálí lásán ni wọ́n ń rán wá láyé ìsinsìnyí. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n tún pààrọ̀ èyí tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá tú síkúrù yẹn kí afẹ́fẹ́ lè pọ̀ sí i, mo bá yọ àkísà, afẹ́fẹ́ wá pọ̀ jù, máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìbọn. Bí wọ́n bá ti yí síkúrù padà, èmi náà á tún ki àkísà bọ ẹ̀yìn asẹ́. Èèyàn ò lè ba nǹkan jẹ́ fínnífínní bẹ́ẹ̀ láìkọ́ṣẹ́ ẹ̀. Ìbéèrè tí mò ń bi mẹkáníìkì tó wà nítòsí ibi iṣẹ́ mi pọ̀ débi pé ó ní kí n wá máa bá òun ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ní Sátidé tó kọjá, kò sí ẹní nílẹ̀. Bàbá jókòó sínú yàrá, wọ́n kọjú sí ògiri, rédíò ò sì sọ̀rọ̀. Wọ́n ti kó gbogbo irinṣẹ́ wọn sínú àpò kan, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e fún ẹnikẹ́ni tó bá wúlò fún. Màmá tẹ̀ lé mi jáde, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ bá àwọn tún orogún àwọn ṣe.

Mo padà wọlé lọ bi Bàbá pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ojú lọ, mo gbà. Etí náà ló tún ń lọ yìí. Mo yí síkúrù yẹn títí, mi ò gbọ́ ibi tó dáa mọ́. Kí ló wá kù lára mi?"

Àbúrò mi, ojú tì mí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó. Mo jáde, mo yọ àkísà, mo fi asẹ́ tuntun sí i, mo ta máṣíìnì, mo sì ń rọra yí síkúrù bí mo ṣe ń rí i tí Bàbá ń ṣe. Kò pẹ́ tí mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ ti ògiri. Wọ́n béèrè pé ta ló yí i. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè pa á. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Mo dárúkọ ìwọ náà, má bínú, mi ò lè dá nìkan kú.

Wọ́n ní kí n tú síkúrù síta díẹ̀. Mo tú u, wọ́n ní kò dáa. Wọ́n ní kí n dá a padà, kí n máa bọ̀, kí n máa bọ̀. "Ibẹ̀ yẹn! Má fọwọ́ kàn án mọ́!" Ibẹ̀ gan-an ni, àbúrò mi. Ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, wọ́n ń pe Màmá pé kó wá o, pé etí àwọn ò ṣe nǹkan kan!

Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni wọ́n tó yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ gùn ún? Èmi tí mo kí agboòrùn Màmá yín káàbọ̀ lánàá, ṣé títì ni màá gbé máṣíìnì lọ? Ohùn ẹ̀ ni mo fẹ́ máa gbọ́. Ẹ̀yin náà ò ṣe bi mí?"

A ò bi wọ́n lóòótọ́. A ṣèpàdé lé wọn lórí, a dìbò, a sì wọlé, láìránṣẹ́ pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Mo ní kí wọ́n gòkè sẹ́yìn mi, a sì jọ gùn ún dé ìparí àdúgbò. Bí ohùn ẹ̀ bá ti yí díẹ̀, wọ́n á fọwọ́ gbá mi léjìká kí n lè dín in kù. Télọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ó ń wá èéfín tí ó fẹ́ fi bú wa.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Màmá kí gbogbo yín.

Bàbá ní kí n sọ fún ọ pé à ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, èmi níwájú, àwọn lẹ́yìn. Wọ́n ní tí a bá dé ẹnu gèétì rẹ, kí n má tíì pa máṣíìnì. Wọ́n ní àwọn ò bínú sí ọ, kí o ṣáà jáde wá dúró ti àwọn, kí ìwọ náà gbọ́ ọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ṣeé rán níṣẹ́,
Alákìísà, bí Bàbá ṣe ń pè mí báyìí.