Kókó inú etí mi àti ẹ̀rí ọjọ́ Àìkú

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Sábóńgàrí.

Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó tó wà nínú ihò etí ọ̀tún mi lónìí, wọ́n sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà ní kì í ṣe ìdọ̀tí etí ló dì síbẹ̀. Ibi tí ìdọ̀tí etí ti ń sun jáde, tó jọ ibi tí òógùn ti ń sun lára, ni kókó náà ti hù. Ó ní òun kì í sábà rí irú ẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi kán òróró àdúrà sí i. Nígbà tí omi tó ń jáde níbẹ̀ dáwọ́ dúró, mo sọ fún Ìyá Ìjọ pé ó ti san. Wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀ láti jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú.

Dókítà ní omi ò gbẹ. Kókó ló dàgbà, tó dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Bí mo ṣe ń bọ̀ ní France Road, Ìyá Ìjọ pè mí láti ṣọ́ọ̀bù wọn.

"Ìyá Fẹ́mi, ìwọ lo máa kọ́kọ́ jẹ́rìí o. Má ṣe é bíi tísà, kó má lọ gùn jù. Òwú wo lo fi dí etí?"

"Eruku ni, mà."

Bí mo bá jẹ́rìí, irọ́ ni. Bí mi ò bá jẹ́rìí, wọ́n á ní mi ò nígbàgbọ́, àti pé...

Etí náà ń kùn bíi jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ògiri.

Èsì di ọ̀sẹ̀ méjì. Bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe jẹjẹrẹ, wọn ò tíì lè sọ.