Wọ́n Fún Mi Ní Java Lọ́fẹ̀ẹ́, Mo sì Dúpẹ́

Huda ọmọ mi,

Jọ̀wọ́, foríjì mí pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí ọ nígbà tí o wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ ní Èkó. Ṣé ara le? Alhamdulillah, àwa ní Ìlọrin wà ní àlàáfíà, ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ Gàní tó múlé tì wá sì tún ti jẹ ìwé mi méjì.

O mọ̀ pé nígbà tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ pínpín lẹ́tà ni mo wọ ọdún kìíní ní yunifásítì, èmi àgbàlagbà láàárín àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún, n kò sì dá ara mi lójú rárá. Olùkọ́ wa ní ká fi Java, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ́ API. Ó ní API ló ń gba ìbéèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ kan, tó ń gbé e lọ fún òmíràn, tó sì ń mú èsì bọ̀. Mo ní iṣẹ́ tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe lórí kẹ̀kẹ́ ológeere nìyẹn, ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín.

Ìrètí tí a jọ ń jókòó wá fi framework kan hàn mí, egungun iṣẹ́ tí àwọn kan ti tò sílẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ la ó kọ kún un. Mo bi í pé èló ni. Ó ní, ah, Bàbá, ọ̀fẹ́ ni o, ẹni tó bá fẹ́ ló ń mú un. Mo mú un. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ojú tì mí. Ta ló gba oore lánàá nínú ilé wa tí kò dúpẹ́ láàárọ̀? Mo wá àwọn tó tò ó lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ti ń fi àléébù sùn nìkan ni mo rí tó ṣí, ni mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: ẹ kú oore àná, ẹ kú ìnáwó, àwọn ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, n kò ní àléébù kankan láti fi sùn.

Wọ́n ti ọ̀rọ̀ náà pa. Mo kọ òmíràn láti fi tọrọ àforíjì fún ti àkọ́kọ́, wọ́n tún tì í pa. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀kan nínú wọn ya ọkàn pupa kékeré kan sábẹ́ rẹ̀ kó tó tì í. Huda, mo ti dá ọgbẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́kàn. Mo fi han Ìrètí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni màá gbé iṣẹ́ mi síwájú olùkọ́. Bí wọ́n bá gba egungun wọn padà kó tó dìgbà náà, mo ti fìdí rẹmi nìyẹn. Iṣẹ́ kan náà lẹ jọ ń ṣe, jọ̀wọ́ bá mi bẹ̀ wọ́n. Fi owó dátà ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ọlọ́run yóò fi àlùbáríkà sí i fún ọ, oore tí o bá ṣe kò ní di ẹ̀bi.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí lẹ́tà yìí o, pàápàá ìyá rẹ. Ó ń se wàrà lọ́wọ́ tí a ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo ka orúkọ àwọn tó tò egungun náà, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rin. Mẹ́ta ni mo sọ fún un.

Bàbá rẹ,
Àbdùlkàrímù, ọdún kìíní