Ojú Kejì Kásẹ́ẹ̀tì Àwọn Ará Ítálì

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ifẹ́lódùn,
Ìgándò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
11 Oṣù Karùn-ún, 2024.

Àdíját, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń ṣe dáadáa? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Ọkàn ni kò balẹ̀.

Ṣé o rántí kásẹ́ẹ̀tì àwọn ará Ítálì yẹn? Àwọn mẹ́rin náà, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, tí wọ́n ṣa ogún orin tó lókìkí jù nínú gbogbo orin wọn jọ pọ̀. Mùíz ọkọ mi ló gba orin náà sí kásẹ́ẹ̀tì fún mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkòtún, nígbà tí mo bí Qonitah. Bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo oníbàárà, ó fi ohùn ara rẹ̀ sí ìparí ojú kìíní, ó kí mi kú ewu ọmọ, ó sì sọ déètì ọjọ́ náà.

Mo fẹ́ràn orin yẹn ṣá, bẹ́ẹ̀ a ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Èyí tí obìnrin tí ohùn rẹ̀ há yẹn fi bẹ̀rẹ̀, tí gìtá ń sáré tẹ̀lé e, òun ni mo fi máa ń fọ nápìn ọmọ. Ìkẹrin, tí gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ sí, ìwọ lo máa ń jó o ní pálọ̀ wa, torí ìwọ lo wá bá mi wẹ ọmọ fún ogójì ọjọ́. Màá máa wò ọ́, inú mi á máa dùn pé èmi náà lọ́rẹ̀ẹ́. Ojú kìíní nìkan ni mò ń gbọ́. Mùíz ní ojú kejì ti bàjẹ́, pé tí mo bá yí i, á há sínú rédíò. Mo gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún, mi ò yí i wò.

Nígbà tí mò ń palẹ̀ ẹrù Mùíz olóògbé mọ́ ni mo tún rí kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo gbé rédíò onítépù wa lọ fún ẹni tó tún un ṣe ní Ìpájà, mo sì gbà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Nígbà tí ojú kìíní parí, mo ní tó bá fẹ́ há, kó há. Mo yí i.

Kò bàjẹ́ rárá, Àdíját. Orin mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn ìkẹwàá, ọkọ mi sọ̀rọ̀: "Àdíját, ojú yìí tìẹ ni. Má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ o." Déètì kan náà ló sọ. Ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá ni Qonitah lọ́jọ́ náà.

Ó pín orin láàárín wa bí ẹni ń pín ẹran iléyá. Tí mo bá ti sùn lẹ̀yin méjèèjì ń gbọ́ tiyín, àbí? Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù, kí n má purọ́, orin ojú kejì dùn ju tèmi lọ. Níbi fìdáù rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, o sunkún jù mí lọ. Èmi opó ni mò ń bu omi fún ọ mu, tí mò ń ní kí o ṣe sùúrù. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo rò pé àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.

Mi ò lè bi òkú. Ìwọ ni mò ń bi: ọwọ́ tí o fi ń wẹ ọmọ mi láàárọ̀, kí lo fi ń ṣe tí mo bá sùn? Bí o bá máa fèsì, òótọ́ ni kí o kọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tọ́jú bírò ẹ jàre. Iléyá tó ń bọ̀ yìí, má wá.

Bá mi kí àwọn ọmọ, wọn ò ṣẹ̀ mí. Qonitah ní kí n kí Màámi Ògbómọ̀ṣọ́ tó wẹ òun dàgbà. Mi ò tíì sọ fún un.

Èmi tí mo ni ojú kìíní,
Sìkírátù.