Ẹni Tí A Lè Bá Jà

Ìyá mi, olólùfẹ́ mi tó lọ láì dágbére,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí ibẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn.

Níhìn-ín, kò rọ̀ mí lọ́rùn. Mo jókòó, mo dìde. Mo gbé omi kaná, mo gbàgbé rẹ̀ títí tó fi gbẹ. Bí ẹ bá wà láyé ni, ẹ ó ti pariwo mọ́ mi pé kí n lọ fìdí mọ́lẹ̀ síbì kan, olórí kunkun tí ìdí rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bú mi mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Gbogbo èèyàn ló ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ti ń sú mi.

Ẹ kò mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe gan-an. Mo sọ fún yín pé nínú bíró ni, nínú ọ́fíìsì, ní Akpakpa ní Kútọnu níhìn-ín, lórí kọ̀ǹpútà, ẹ sì ń sọ fún gbogbo ará Pobè pé ọmọ yín ti di akọ̀wé. N kò parọ́ fún yín, n kò kàn mọ bí mo ṣe lè là á yé yín ni. Ó rí báyìí: ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń kọ́ lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ṣọ́ ibì kan lórí tẹlifóònù tí àwọn èèyàn ti ń tajà, tí wọ́n ti ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn. Bó bá gbọ́ ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ẹlòmíì, á ti ilẹ̀kùn mọ́ onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ Nàgó, Yorùbá tiwa. Àwa là ń kọ́ ọ. Wọ́n á fi ohùn sí wa létí, a ó sì tẹ èyí tó jẹ́: eré ni, tàbí èébú, tàbí ìhàlẹ̀.

Ohun tí à ń gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí etí fẹ́ nígbà gbogbo. Mo ti gbọ́ ọkùnrin kan tó ń ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láì gbóhùn sókè, ohun tí ojú rẹ̀ máa rí bó bá padà sílé bàbá rẹ̀. Mo tẹ ìhàlẹ̀, mo jáde lọ dúró ní fàráńdà kí n tó lè padà sídìí iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo kórìíra ẹ̀rọ yìí. Ó yẹ kí nǹkan kan máa ṣọ́ ẹnu irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá mi? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi “òṣìkà ọmọ” kí mi káàbọ̀ bí mo bá pẹ́ kí n tó yà kí yín? Tí ẹ ń pe Bàbá ní ọ̀dájú ọkùnrin bí ẹ ti ń bu ọbẹ̀ fún wọn, tí ẹ sì ń ṣa ẹran tó tóbi jù sínú àwo wọn? Èwo ni ǹ bá tẹ̀ fún yín?

Ọ̀dọ̀ àbúrò yín, Tàǹtí Sìkírá, ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì ń ta aṣọ ní ọjà Dantokpa, ṣùgbọ́n ìdajì ọjà rẹ̀ ti bọ́ sórí tẹlifóònù, níbi tí ẹ̀rọ wa ń ṣọ́ yẹn. Á ya àwòrán aṣọ tuntun, á fi ohùn tì í, àwọn oníbàárà láti Ṣakété, láti Àjàṣẹ́, títí kan àwọn tó wà lódìkejì ààlà, á sì máa dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan ó wọlé tọ̀ mí wá láì bọ́ bàtà, ó na tẹlifóònù náà sí mi.

“Akọ̀wé, bá mi wo nǹkan yìí. Ọmọ mi ní wọ́n ti lé mi jáde. Ta ni mo ṣẹ̀?”

Mo ka ohun tó wà níbẹ̀. Faransé ni. Ó ní Tàǹtí halẹ̀ mọ́ èèyàn, pé àkáǹtì rẹ̀ ti di títì, pé ìpinnu náà kò ní àtúnṣe. Kò sí orúkọ ẹnì kankan lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà tí a lè pè.

“Tàǹtí, kí lẹ sọ?”

“Kí ni mo sọ? Mo ń bá Ìyá Rúkà ṣeré ni! Ó ní kí n bá òun gbé aṣọ kan pamọ́, kò sì wá mú un. Mo ní bí kò bá wá, màá lọ ká a mọ́lé, màá sì bọ́ èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀. Òun náà fi ẹ̀rín ránṣẹ́ sí mi padà!”

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ti gba etí mi kọjá níbi iṣẹ́ láìmọye ìgbà, eré ni mo sì ń tẹ̀ sí i. Ta ló wá sọ ọ́ di ìhàlẹ̀ lẹ́yìn mi?

Mo lọ bá Lúùkù, alábòójútó wa, ọmọ Gún láti Àjàṣẹ́. Ẹ rántí ọdún tí ẹ fẹ́ fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, tí ẹ ní kí n dárúkọ rẹ̀, tí n kò rí ẹni dárúkọ? Lúùkù yìí la gbé itan àgbò náà fún. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní.

“Ìlànà ti yí padà,” ni ó sọ fún mi. “Bí ọ̀rọ̀ bá ti ní kíká èèyàn mọ́lé nínú, ìhàlẹ̀ ni. Wọ́n ti yí gbogbo èyí tí ẹ tẹ̀ padà.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn tó wà lókè.”

“Òkè ibo?”

Ìyá mi, ó gbójú sókè wo àjà, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. “Ọ̀rọ̀ kàn ń dé sí mi lójú kọ̀ǹpútà ni,” ó ní. “Mo ti béèrè rí pé ta ló ń kọ ọ́. Ìdáhùn tí mo rí gbà, mo rò pé ẹ̀rọ ló kọ òun náà.”

Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti fojú kan oorun dáadáa. Baálé ló ń dá ẹjọ́ agboolé, ìyálọ́jà ló ń dá ti ọjà. Ta ni baálé ẹ̀rọ yìí? A kò dìbò yàn án, a kò fi í joyè, a kò mọ ìlú rẹ̀, ó sì ń pinnu ẹni tó máa tajà ní Dantokpa àti ẹni tí kò ní tà. Ṣé irú èyí ti wà rí nígbà ayé yín, tí n kò kíyè sí i?

Kò pẹ́ la gbọ́ pé àwọn tó ń kọ àbá òfin lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń pe ìpàdé ní àdúgbò Ganhi, pé kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Mo mú Tàǹtí dání. Inú gbọ̀ngàn náà tutù débi pé Tàǹtí tú gèlè, ó fi bo èjìká. Faransé ni wọ́n ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ti ilé iṣẹ́ kan wá dìde, ó ní ohun tó dára lára ẹ̀rọ ni pé kì í ṣe ojúsàájú, kò ní ọ̀tá, kò sì ní ọ̀rẹ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Tàǹtí létí. Kí n tó sọ ọ́ tán, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè.

“Mo gbọ́ pé kò ní ọ̀tá,” ni Tàǹtí wí. “Èmi ní ọ̀tá ní Dantokpa, mo sì mọ ilé wọn. Bí a bá jà, ìyálọ́jà á pè wá, oníkálukú á rojọ́ tirẹ̀. Nígbà míì, èmi ni mo máa ń jẹ̀bi, mo sì máa ń bẹ̀bẹ̀. Èyí tó lé mi jáde yìí, níbo ló ń gbé? Mi ò ní kí ẹ fọ́ ọ. Ẹni tí mo lè bá jà ni mo ń wá.”

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń darí ìpàdé kò rẹ́rìn-ín, ńṣe ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn tún dìde.

“Bóyá àwọn tó kọ́ ọ ní èdè yẹn ni kò kọ́ ọ dáadáa,” ó ní.

Ìyá mi, ẹsẹ̀ mi ló dìde, kì í ṣe èmi. Mo ti fọwọ́ sí i níbi iṣẹ́ pé n kò ní sọ ohun tí à ń ṣe fún ẹnikẹ́ni. Mo rántí rẹ̀ bí mo ti ń la ẹnu.

“Mo wà lára àwọn tó kọ́ ọ,” ni mo wí. “Eré ni mo tẹ̀. Ẹnì kan yí i padà, èmi àti alábòójútó mi kò sì mọ ẹni náà. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa.”

Ọmọkùnrin náà ń wo bàtà rẹ̀. Mo wá rí i pé òun náà kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ mi kò ṣí. Mo tẹ orúkọ mi sí kọ̀ǹpútà, ó ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lúùkù dúró lẹ́yìn mi, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ń búra pé kì í ṣe òun. Mo gbà á gbọ́. Ó sìn mí jáde, ó bá mi pe sémíjàn, ọlọ́kadà kan, kò sì kúrò lójú títì títí a fi yà. Nígbà tí mo délé, mo tú gbogbo aṣọ inú àpótí mi palẹ̀, mo ká wọn, mo tún tú wọn, bí ẹ ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ká yín lára. Ṣé ẹ̀yin ì bá dákẹ́ níbi ìpàdé yẹn? Mo ti bi ara mi títí. N kò gbọ́ ohùn yín.

Tàǹtí ti fi nọ́ńbà ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣí àkáǹtì mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ níbẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé òun ni. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn: “Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n, aṣọ tuntun ti dé.” Ìyá Rúkà pè é láti bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Èyí dùn mí ju títì tí wọ́n tì í lọ.

Lẹ́yìn náà, obìnrin tó darí ìpàdé pè wá sí bíró rẹ̀. Ó ka ibì kan sí wa létí nínú àbá òfin náà, pé bí ẹ̀rọ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, ilé iṣẹ́ tó ni ín lè yan ẹnì kan, ẹlẹ́ran ara, tó ní orúkọ, láti gbọ́ ẹjọ́ onítọ̀hún. Kí n tó túmọ̀ rẹ̀ tán, Tàǹtí ti ń ṣàdúrà fún un. Èmi ní kí ó jọ̀ọ́, kó tún un kà.

“Lè” ló wà níbẹ̀, Ìyá mi. Kì í ṣe “gbọ́dọ̀”.

“Bí wọn kò bá yàn án ńkọ́, Màdáàmù?”

Ó mí kanlẹ̀. “Gbọ́dọ̀ ni mo kọ. Nígbà tí ìwé náà máa fi padà dé ọwọ́ mi, ó ti di lè.”

“Ta ló yí i?”

“Mo ń wádìí rẹ̀,” ó ní. “Ṣùgbọ́n màá tún gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀.”

Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mélòó ni ìwé yẹn tún máa gbà kọjá?

Láàárọ̀ òní, iṣẹ́ mi ṣí padà. Bó ṣe tì náà ló ṣe ṣí, àlàyé kankan kò sí. Àdéhùn tuntun ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí. N kò gbọdọ̀ bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀, n kò gbọdọ̀ bá oníròyìn sọ̀rọ̀, n kò gbọdọ̀ lọ sí ìpàdé. Nínú ìwé tiwọn, kò sí “lè” kankan. Mo nílò iṣẹ́ yìí. Bí mo bá sì kúrò, bóyá ẹni tí kò gbọ́ Nàgó délẹ̀ ni wọ́n á fi sípò mi, ta ni ìyẹn máa ṣe láǹfààní?

Mo kọ̀wé sí wọn. Mo ní kí n tó fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀?

Àmì fi hàn pé wọ́n ti kà á. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé, mo ṣì ń wò ó. N kò tí ì fọwọ́ sí i. Kò sì tíì sẹ́ni tó dárúkọ.

Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ti sọ ọ́ lójú yín lọ. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé yín.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin,
tí ẹ bí sí Pobè, tí ẹ tọ́ ní Kútọnu.