Ìpara Tó Dá Ìjà Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú àárò gbogbo wa. Màmá ń kí yín, orúnkún wọn ti ń gbádùn. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò.

Ẹ wò ó, ìpara ọwọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dá ogun sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa, ní yàrá àyẹ̀wò kòkòrò. Ọ̀rá ara kòkòrò bakitéríà la fi ń mọ irú èyí tó jẹ́, torí ọ̀rá ìran kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ọ̀gá mi gba ìpara yín, ó fi para, kò wọ ìbọ̀wọ́, ó wá ki ìka bọ ìgò tí a yọ ọ̀rá sí. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò bá gbé ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni ò rí rí jáde. Ọ̀gá fò sókè:

"Kòkòrò tuntun! Orúkọ mi ló máa jẹ́!"

Igbákejì rẹ̀ ní irọ́ ni, òun lòun tọ́ kòkòrò náà dàgbà. Ọ̀gá gbá a létí. Ìyẹn la àga mọ́ ọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri, eyín fọ́n ká ilẹ̀.

Mo pariwo pé ọ̀rá inú ìpara lásán ni! Wọ́n wo ara wọn, ni wọ́n bá jọ dà bò mí. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, torí wọ́n ti ṣẹ́ mi lápá ọ̀tún.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ báyìí. Àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Wọ́n ní kí n bi yín pé níbo lẹ ti ra ìpara náà.

Àbúrò yín.