Ẹ̀jẹ̀ Ríru Ṣọ́jà

Ikosi, ìrọ̀lẹ́ Sátidé, 2008

Mo ń dá rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ṣọ́jà, ológbò wa tó ń lé eku ní ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì Màámi ní Mile 12, ti darúgbó. Láìpẹ́ yìí, omi ló ń mu ṣáá, ó sì ń forí gbá ara ògiri. Èmi àti Màámi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan ní Magodo lónìí.

Dókítà wé nǹkan tíńtín kan mọ́ ọn nídìí ìrù, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni! Kíndìnrín rẹ̀ náà ò sì lágbára mọ́. Àmọ́ oògùn wà, ó ní ó ṣì máa pẹ́ láyé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ dókítà náà.

"Mummy, kí ló ń jẹ?" Dókítà bi Màámi.

"Ohun tí mo bá ń jẹ náà ni. Inú ìkòkò kan náà la ti ń bù ú."

"Ẹ má fún un ní oúnjẹ oníyọ̀ mọ́ o."

Ọjọ́ ti pẹ́ tí dókítà Màámi fúnra wọn náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn, tí wọn ò gbọ́.

Mo tọ́ ọbẹ̀ alẹ́ wò báyìí, ó tẹ́ pátápátá. Mo wo Màámi.

"Kí lò ń wò? Ṣé kí n máa se ìkòkò méjì nítorí ológbò ni?"

Èmi tí mo ti bẹ̀ wọ́n títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó! Ṣọ́jà kàn gbé ìrù rẹ̀ sílẹ̀ ni.