Àmì Màlúù Wa Lára Píkọ́ọ̀pù Bàbá Yín

Eulalio ọmọ mi,

Ña Demetria tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísìmù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Èmi ìyá rẹ, Saturnina, ni mò ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi òdòdó sí i lára. Ṣé dáadáa ni o wà ní Asunción níbẹ̀? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Kí Màríà Wúndíá ti Caacupé má jẹ́ kí àìsàn mọ ojúlé yín, kó sì fún ọ ní ọgbọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ilé wà. Ẹ̀gẹ́ ta dáadáa lọ́dún yìí. Màlúù funfun ti bímọ, akọ ló bí. Eyín mi kan ti bọ́ lápá ọ̀tún, n kò sì wá a. Àbúrò rẹ Nimia wà pẹ̀lú mi, òun ló ṣì ń wa ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà rèé. Oṣù tó kọjá o fi àwòrán ọkọ̀ kékeré kan ránṣẹ́ sórí fóònù Nimia, o ní ká ta píkọ́ọ̀pù bàbá yín, ìwọ á fi owó rẹ̀ ra ti kékeré yẹn fún wa, pé pẹtiróòlù díẹ̀ ló ń mu, pé ọkọ̀ tí kì í jẹ owó ni. Mo wo àwòrán náà, kò ju páálí ìṣáná lọ. Nimia fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó tóbi díẹ̀ sí i, mo ní kó tún fẹ̀ ẹ́, ó ní ibi tó lè tóbi dé nìyẹn. Bó sì ṣe tóbi tán náà, ẹlẹ́dẹ̀ kan kò lè nàsẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ká sáà ti mu díẹ̀ ni, ewúrẹ́ náà ń mu díẹ̀. N kò gun ewúrẹ́ lọ sọ́jà Yuty rí.

Ó dà bíi pé o ti gbàgbé ohun tí ọkọ̀ yẹn ń ṣe. Ẹgbọrọ màlúù mẹ́rìnlá ni bàbá yín tà kó tó rà á. Ó sunkún nítorí àwọn màlúù náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn kò pa á lẹ́kún lọ́jọ́ kan. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé ó ń gbé wàràkàṣì wa lọ sí Yuty; bó bá ń lọ, àwọn ọmọ Nimia mẹ́ta á jókòó sínú, ọmọ aládùúgbò mẹ́rin á gun ẹ̀yìn, nítorí ilé ìwé wà lójú ọ̀nà. Bó bá ń bọ̀, ó ń gbé oúnjẹ adìẹ, ó ń gbé Ña Demetria àti orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. (Demetria ní kí n yọ èyí kúrò. Mo ní kó kọ ọ́.) Ọmọ Nimia tó kéré jù, orí ìjókòó ẹ̀yìn ló bí i sí. Bí a bá ti rọ dísẹ́ẹ̀lì kún inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń gbé wa lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, abẹ́rẹ́ epo á sì máa lọ jẹ́jẹ́ bí arúgbó tó ń lọ sí máàsì. Bí ọkọ̀ yẹn bá lọ, wàràkàṣì kò ní dé ọjà mọ́, Nimia á kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí ìlú, èmi náà á sì wá máa jókòó sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ yín bí àga tó ṣẹ́. Ìyẹn ni o fẹ́ tà.

Mo sọ fún ọ lórí fóònù pé n kò tà á. O ní orúkọ rẹ ló wà nínú ìwé ọkọ̀. Òótọ́ ni, bàbá yín ló fi í síbẹ̀ kó tó kú. Mo fi gbogbo òru rò ó. Láti ayé bàbá mi àgbà, ohun tí a bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé tiwa ni, irin gbígbóná la fi ń sàmì sí i lára, bíi ti màlúù. Nọ́ńbà tí wọ́n fún ọkọ̀, bóòtù méjì ló dì í mú, ẹni tó bá ní sípánà lè tú u. Èyí tí a fi iná kọ, ta ló máa tú u? Mo ní kí Nimia dáná. Ó bẹ̀ mí, ó ní màmá, irin ni ọkọ̀, kì í ṣe màlúù. Mo ní ìyẹn ló fi máa dúró jẹ́ẹ́. Mo tẹ irin mọ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ọ̀dà jó, ó rú èéfín burúkú, àmì sì jókòó síbẹ̀ dáadáa, òṣùpá ilé wa pẹ̀lú igi méjì lábẹ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ ta ìpá.

Ọjọ́ Sátidé ni ẹni tí o rán wá rà á dé, Rolón ará Oviedo. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá, torí ó ti pinnu pé ọkọ̀ wa lòun á wà padà. Ó mú ìwé tí o fọwọ́ sí dání. Ó kí mi dáadáa, ó ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó ní irú ẹ́ńjìnnì yìí á sin òun àti èmi. Mo ní kó máa sọ ti ara rẹ̀. Ìgbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn tó rí àmì, ó ṣí fìlà.

Ó ní, "Ìyá, àmì ta nìyí?"

Mo ní tèmi. Ó béèrè ìwé tí ìjọba fún mi lórí àmì náà. Mo ní ó wà nínú agolo bisikíìtì, ó ti lé ní ogójì ọdún. Ó ní kí n wá tẹ̀ka sí ìwé títà nígbà náà. Mo ní àtàǹpàkò mi kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ó wá jókòó, ó ní ọmọ oníṣòwò màlúù lòun, pé bàbá òun sun àtìmọ́lé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí akọ màlúù kan tó ní àmì ẹlòmíràn lára, láti ìgbà náà òun kò ra ohun alámì láìsí ìka ẹni tó ni ín. Ó lọ pe ọlọ́pàá abúlé wa. Ọlọ́pàá wo ìwé, ó wo ilẹ̀kùn, ó họrí. Ó ní ìwé Eulalio dára fún ẹ́ńjìnnì àti táyà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn, Ña Saturnina ló ni ín, òun kò sì ní jẹ́ ẹni tó máa jẹ́ kó kọjá. Rolón kò rí bí òun ṣe máa ra ọkọ̀ kóun fi ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Mo fún un ní ẹ̀gẹ́ àti wàràkàṣì, ó bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Òjò ti ń rọ̀ nígbà náà, Nimia fi píkọ́ọ̀pù gbé e lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró, èmi náà bá wọn lọ. Lójú ọ̀nà a bá ọkọ̀ kékeré kan tó rì sínú ẹrẹ̀ pupa dé ikùn, irú èyí tó wà nínú àwòrán rẹ gan-an. Nimia so okùn mọ́ ọn, ó fà á jáde bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ nínú ilẹ̀ tútù. Rolón wo abẹ́rẹ́ epo, abẹ́rẹ́ náà kò mira. Ó ní bóun bá jẹ́ èmi, òun kò ní tà á. Mo ní ó pẹ́ kó tó mọ̀.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ náwó sórí ọkọ̀, fi owó náà ránṣẹ́ síbí. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti dán bí orí bàbá yín. Fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé, má fi sínú fóònù mọ́. Èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, Nimia ní ó ti wọlé, mo gbọn fóònù náà títí, kọ́bọ̀ kan kò bọ́.

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́, kó má jẹ́ kí o fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ju bí o ṣe ń gbọ́ tèmi lọ.

Kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó rẹ, torí mo gbọ́ pé ó ti fi owó ọkọ̀ náà ṣètò ilé ìdáná rẹ̀. Sọ fún un pé kò sí. Lẹ́yìn náà, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ ní Buenos Aires pé alùpùpù rẹ̀ tó fi pamọ́ sínú abà mi náà ti ní àmì. Irin ṣì gbóná lọ́jọ́ náà.

Ìyá rẹ,
Saturnina